Ta Ló Ń Tẹ Bọ́tìnnì Ní Ilé Ìtẹ̀wé Àpòmù?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ní Ìkirè mọ̀ pé n kì í parọ́ dá ẹnikẹ́ni lára yá. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi, ó ṣojú obìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kì í yẹ̀, apá tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ sì ṣojú àwọn àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Bó bá wù yín, ẹ gbà á gbọ́. Bí kò bá wù yín, iyèméjì yín kò lè ní kó má ṣẹlẹ̀. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni.

Ẹ má sì rò pé òru ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, òru ló máa ń jẹ́ fún un, òkùnkùn biribiri, ajá ń gbó. Tèmi kì í ṣe òru. Ọ̀sán gangan ni, ọjọ́ Sátidé, oòrùn ń ràn, mo tilẹ̀ ń gbóhùn obìnrin tó ń ná gaàrí níwájú ilé.

Àwọn ọdún tó tẹ̀lé 1990 ni. Kọ̀ǹpútà kò tíì pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìkirè, mo ń bá àwọn èèyàn tẹ ìwé, mo sì ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ ọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, àwọn ọkùnrin á wọlé, wọ́n á wo ọ̀tún, wọ́n á wo òsì, wọ́n á béèrè pé ọ̀gá ńkọ́. Èmi á ní ọ̀gá ló ń wò yín yẹn. Nígbà tó yá, wọ́n sọ mí di Àǹtí Kọ̀ǹpútà, orúkọ náà sì mọ́ mi lára.

Obìnrin tí mo ń sọ, Ìyá Táíwò ni wọ́n ń pè é, ará Àpòmù. Ọkọ rẹ̀ ló dá ilé ìtẹ̀wé kan sílẹ̀ níbẹ̀. Bàbá Tẹ̀wétẹ̀wé ni gbogbo èèyàn ń pe ọkọ yìí. Káàdì ìgbéyàwó ni o, ìwé ètò ìsìnkú ni o, kàlẹ́ńdà ìjọ ni o, láti Àpòmù títí dé Gbọ̀ngán, òun ló ń tẹ̀ ẹ́. Òun náà ló kọ́kọ́ ní kọ̀ǹpútà ní àdúgbò wọn.

Mi ò ní bú òkú. Èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó le bí ojú ẹja. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yẹn. Ìyàwó rẹ̀ ti kọ́ iṣẹ́ taípù dáadáa kó tó fẹ́ ẹ, ọwọ́ obìnrin náà yá ju tirẹ̀ lọ, síbẹ̀ kíká ìwé àti gígún un ní pín-ìn-nì ló fi í sí láti ọdún dé ọdún. Bí bàbá bá fẹ́ dá wà nídìí ẹ̀rọ, á fi òrùka ọwọ́ rẹ̀ kan tábìlì, kọ́-kọ́-kọ́, ìyàwó á sì dìde jáde. Kò ní sọ̀rọ̀. Kíkàn yẹn ti tó.

Bàbá kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí òjò tó rọlẹ̀ tán, kọ̀ǹpútà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àìsàn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀. Irin pẹlẹbẹ kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní díìsìkì. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ń kó gbogbo ohun tó mọ̀ sí. Ó ń yí nínú lọ́hùn-ún bí ó bá ń ṣiṣẹ́. Bó bá fẹ́ kú, á máa dún, á máa wúkọ́, á máa dákẹ́ lójijì, títí ọjọ́ tí kò ní jí mọ́. Ti Bàbá Tẹ̀wétẹ̀wé ti ń dún.

Ìyá Táíwò fúnra rẹ̀ ló gun ọ̀kadà wá bá mi ní Ìkirè, nínú aṣọ ọ̀fọ̀. Ó jókòó, ó gba omi, kò mu ún. Ó ní àwọn ẹbí ọkọ òun ń bọ̀ wá ṣèpàdé lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni olórí wọn, Bàbá Ìbàdàn ni wọ́n ń pè é torí pé Ìbàdàn ló fẹ̀yìn tì sí. Bàbá Ìbàdàn ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé láìsí kọ̀ǹpútà, kò sí ilé ìtẹ̀wé, àti pé obìnrin kò lè jí ẹ̀rọ àbúrò òun dìde. Bí àwọn bá dé tí ẹ̀rọ kò bá dìde, ọkọ̀ akẹ́rù ti wà nílẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé ìwé, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa kó lọ Ìbàdàn.

Ó wá wo ojú mi. Ó ní, "Inú ilé ìtẹ̀wé yẹn ni mo wà nígbà tí oyún àwọn ìbejì wà nínú mi. Níbo ni wọ́n ní kí n lọ?"

Ẹ gbà mí gbọ́, inú bí mi ju bó ti bí i lọ. Mo ní ọkọ̀ akẹ́rù yẹn máa padà lófìfo.

Ohun tó wà ńbẹ̀ ni pé kì í ṣe pé kí a kàn da iṣẹ́ tí bàbá ti tẹ̀ kọ sínú díìsìkì mìíràn. Ètò kan wà tó ń jí kọ̀ǹpútà dìde, tó ń sọ fún un pé ẹ̀rọ ni, tó ń pàṣẹ fún kíbọ́ọ̀dù àti ojú rẹ̀ àti ẹ̀rọ tó ń tẹ̀wé jáde. Bí mo bá kó iṣẹ́ nìkan lọ, ṣe ló máa dà bí ilé tí ẹrù kún inú rẹ̀ tí kò ní onílé. Àwọn dískẹ́ẹ̀tì, àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kì bọ ẹnu kọ̀ǹpútà, tí bàbá fi gbé ètò náà wọlé níjọ́sí, ìyàwó rẹ̀ kó wọn wá fún mi nínú páálí. Gbogbo wọn ti bu, wọn ò ṣeé lò mọ́. Bàbá sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣètò àwọn lẹ́tà Yorùbá tó ní àmì lórí àti nísàlẹ̀ sínú ẹ̀rọ yẹn, irú èyí tí mi ò rí lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Àfi kí a gbé onílé àtẹrù lóòyẹ̀, kúrò nínú èyí tó ń kú lọ, bọ́ sínú èyí tó lágbára tó sì láyè jù ú lọ, kí ẹ̀mí tó bọ́.

Mo lọ ra díìsìkì tuntun wá láti Ìbàdàn. Ó gbà tó ti àtijọ́ lọ́nà púpọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé náà, mo fi gèlè wé e, mo gbé e lé itan lórí ọ̀kadà láti Ìkirè dé Àpòmù, gbogbo kòtò tí ọlọ́kadà bá bọ́ sí ni mo ń bú u. Mo tún di dòdò dání fún Ìyá Táíwò, torí mo mọ̀ pé kò ní tíì jẹun.

Ó ti ní kí àwọn òṣìṣẹ́ lọ sinmi, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé ìròyìn lọ fún ẹbí ọkọ. Àwa méjì péré ló wà nílé. Kọ̀ǹpútà wà ní yàrá iwájú. Àwọn ẹ̀rọ ńlá wà ní yàrá ẹ̀yìn, kọ́tìnnì kan ló là wọ́n láàárín. Iná ọba wà láti àárọ̀, kò ṣẹ́jú. Ìyẹn gan-an yẹ kó ti bà mí lẹ́rù.

Níwájú kọ̀ǹpútà ni àga bàbá wà, àga onítáyà kéékèèké, tìmùtìmù pupa lórí rẹ̀. Mo fẹ́ jókòó síbẹ̀, Ìyá Táíwò sì sáré gbé àpótí wá. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin bàbá, ẹnikẹ́ni kò jókòó sórí àga náà. Òun pàápàá, bí òun bá fẹ́ taípù, ìdúró lòun ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, tí òun ń na ọwọ́ kọjá lára rẹ̀. Mo wò ó. Mo ní kò burú, mi ò bá ti àga wá.

Mo tú ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, mo so díìsìkì tuntun mọ́ ara wáyà kan náà pẹ̀lú ti àtijọ́. Mo ṣètò tuntun náà sílẹ̀, mo sì pàṣẹ pé kí ohun tó ń jí kọ̀ǹpútà kọjá sínú rẹ̀. Ìyẹn lọ wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ bi mí pé kí ni orúkọ díìsìkì yìí.

Kọ̀ǹpútà ìgbà náà máa ń béèrè. Èèyàn lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kó tẹ bọ́tìnnì kan kó sì máa lọ. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n Ìyá Táíwò ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn mi, ó ti kà á.

Ó ní ṣé òótọ́ ni pé orúkọ ló ń béèrè. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bí ọmọ tuntun. Ó béèrè pé ṣé akọ ni àbí abo. Mo ní bó ṣe tóbi tó yìí, akọ ni. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, ó ní bó bá jẹ́ akọ, tó sì jẹ́ pé lẹ́yìn ikú bàálé ilé ló dé, kí la tún ń rò sí.

"Babátúndé ni," ló wí.

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí. Mo tẹ Babátúndé síbẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Mi ò kábàámọ̀ ẹ̀rín yẹn títí dòní, torí obìnrin náà nílò rẹ̀. Orúkọ yẹn ni kò yẹ ká pè.

Mo pàṣẹ fún ẹ̀rọ pé kó máa kó ẹrù bọ̀. Àwọn orúkọ iṣẹ́ ń gòkè lójú kọ̀ǹpútà, ìkan tẹ̀lé ìkan, díìsìkì àtijọ́ ń kùn, a sì ń jẹ dòdò.

Òun ló kọ́kọ́ gbóòórùn. Ó dáwọ́ jíjẹ dúró, ó ń fa imú. Orógbó ni. Bàbá kì í tẹ ìwé láìjẹ orógbó. Mo ní bóyá láti ìta ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni díìsìkì bẹ̀rẹ̀ sí í kàn. Kọ́-kọ́-kọ́. Ó dákẹ́. Kọ́-kọ́-kọ́. Ìyá Táíwò dìde nílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pàṣẹ fún, ó ti ń lọ sẹ́nu ọ̀nà kó tó mọ̀ pé òun ń rìn. Ó dúró níbẹ̀, ó di ara ilẹ̀kùn mú.

Mo ní kó fọkàn balẹ̀, díìsìkì tó ń kú lọ máa ń dún bẹ́ẹ̀. Òótọ́ sì ni. Mo na ọwọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ kí n fi hàn án. Mo gbé ìka lé ti àtijọ́. Ó ń yí, ara rẹ̀ gbóná, ṣùgbọ́n kò kàn. Mo gbé ìka lé tuntun, tuntun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú ọ̀rá rẹ̀.

Tuntun ló ń kàn.

N ò ní purọ́ fún yín, ẹ̀rù bà mí. Ṣùgbọ́n mo yọ ọwọ́, mo nù ún mọ́ síkẹ́ẹ̀tì mi, mo padà jókòó sórí àpótí.

Ẹrù tí a ń kó wá dúró. Ẹ̀rọ ní òun kò lè ka ibì kan lára díìsìkì àtijọ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, á bi ọ́ léèrè: ṣé kí òun pa iṣẹ́ tì, ṣé kí òun tún un gbìyànjú, àbí kí òun gbà pé ó ti bọ́. Lẹ́tà A ni ti kó pa á tì. R ni ti kó tún gbìyànjú. Ẹni tó bá ń tún díìsìkì olókùnrùn ṣe, R ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. O lè tẹ̀ ẹ́ títí ìka á fi dùn ọ́, lẹ́yìn-ọ-rẹyìn á kà á, á sì máa lọ.

Mo tẹ R. Ó kà á. Ó lọ díẹ̀, ó tún dúró, ó tún béèrè. Kí n tó gbé ọwọ́, A ti hàn lójú kọ̀ǹpútà. Ó pa iṣẹ́ tì.

Mo rò pé apá aṣọ mi ló kàn án. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. A dé ibi kan náà, ó béèrè, A tún hàn. Ó pa iṣẹ́ tì. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo ká apá aṣọ mi, mo sì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró. Mo ranjú mọ́ kíbọ́ọ̀dù.

Bọ́tìnnì A wọlẹ̀. Ó sì dìde. Mo rí i bí mo ṣe ń rí ọwọ́ ara mi yìí.

Mo wo àga. Tìmùtìmù pupa tó ga nígbà tí mo dé ti rì láàárín, ó rì bí ìgbà tí èèyàn ńlá bá jókòó lé e.

Ìyá Táíwò ti padà wá sẹ́yìn mi. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ létí, kò ju èémí lọ. "Òun nìyẹn. Jẹ́ ká fi sílẹ̀."

Ilé aládùúrà ni wọ́n bí mi sí. Ìyá mi lè gbààwẹ̀ kó sì tún máa rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka sáàmù. Mo kà á dé ìdajì, mo gbàgbé ìyókù, ibi tí mo ti ń wá ìyókù yẹn ni ìbínú ti gbé mi. Mo rántí ọkọ̀ akẹ́rù tó wà nílẹ̀. Mo rántí gbogbo ọkùnrin tó ti wọ ṣọ́ọ̀bù mi wá béèrè ọ̀gá. Wọ́n tún wá kú tán, wọn ò tún ní jẹ́ ká ṣiṣẹ́.

Mo dojú kọ àga yẹn. Mo ní, "Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Iṣẹ́ la wá ṣe níbí. Mi ò fi sílẹ̀."

Mo tún bẹ̀rẹ̀. Ó béèrè, mo yára tẹ R. Ó béèrè, mo tẹ R. Ó béèrè, òun tẹ A. Mo bẹ̀rẹ̀ padà. Báyìí la ṣe ń fà á, èmi àti ẹni tí mi ò rí, obìnrin tó ń ná gaàrí sì ń ná an lọ níta. Òógùn bò mí. Díìsìkì àtijọ́ ti ń gbóná ju bó ti yẹ lọ, mo sì mọ̀ pé bí a bá ń bẹ̀rẹ̀ padà báyìí, kò ní pẹ́ tí kò fi ní lè bẹ̀rẹ̀ mọ́ rárá. Gbogbo A tí ó bá tẹ̀ ń gba èémí lẹ́nu ẹ̀rọ tí a fẹ́ gbà là.

Ìyá Táíwò ló rí i. Ó gbá mi léjìká mú.

"Àwa la pè é," ló wí. "A ní Babátúndé. Ó sì wá."

Ẹ ò rí i pé òótọ́ ni. Ta ló ń sọ ọmọ ní Babátúndé tí kì í ṣe pé bàbá ló ń kí káàbọ̀? A gbé ilé tuntun kalẹ̀, a fi orúkọ pe onílé àtijọ́ síbẹ̀, a wá ń bínú pé ó jókòó.

Mo ní orúkọ ṣeé yí padà, àṣẹ kan wà fún un. Kí ó sọ orúkọ mìíràn, kíákíá. Mo rò pé á pe orúkọ ọmọ rẹ̀ kan, tàbí orúkọ Bíbélì.

"Kọ Mórẹ́nikẹ́."

Mo bi í pé ta ni Mórẹ́nikẹ́. Ó ní òun ni. Ó ní orúkọ tí bàbá òun sọ òun nìyẹn. Láti ọjọ́ tí òun ti wọlé ọkọ, Ìyàwó ni wọ́n kọ́kọ́ ń pe òun, nígbà tí òun sì bímọ, Ìyá Táíwò. Ọkọ òun kò fi orúkọ yẹn pe òun rí, kò pè é nígbà ayọ̀, kò pè é nígbà ìjà. Bí òkú bá fẹ́ jókòó sínú ohun tó ń jẹ́ Mórẹ́nikẹ́, á kọ́kọ́ bi òun léèrè.

Mo tẹ̀ ẹ́. Kíkàn yẹn dúró.

Ṣùgbọ́n tìmùtìmù ṣì rì. Ìyá Táíwò wá yí àga ká, ó dúró níwájú rẹ̀. Ó tẹ orí ba díẹ̀, bí ìyàwó rere ti ń ṣe fún ọkọ, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ẹ dìde, Bàbá Táíwò. Mo fẹ́ jókòó."

A dúró. Ẹ gbà mí gbọ́, a dúró. Òórùn orógbó gba gbogbo yàrá. Lẹ́yìn náà, táyà àga yí díẹ̀ sẹ́yìn, bó ṣe máa ń ṣe bí èèyàn bá ti ara rẹ̀ dìde. Tìmùtìmù gbéra díẹ̀díẹ̀. Kọ́tìnnì yàrá ẹ̀yìn mì, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ kankan kò fẹ́.

Obìnrin náà jókòó. Ó fa àga súnmọ́ tábìlì. Ó ní kí n fi R han òun.

Òun ló tẹ gbogbo R tó kù. Èmi kàn wà lórí àpótí mi ni. Bí ẹ̀rọ bá béèrè, ó tẹ̀ ẹ́. Bó bá tún béèrè, ó tún tẹ̀ ẹ́, kò yára, kò sì dúró. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí ẹrù kọjá tán. Mo yọ díìsìkì àtijọ́, mo fi tuntun sípò rẹ̀, mo tan iná sí i. Kọ̀ǹpútà jí. Àwọn lẹ́tà Yorùbá pẹ̀lú àmì wọn lórí àti nísàlẹ̀ pé síbẹ̀, ọ̀kan kò sọnù. Ìyá Táíwò fi ọwọ́ bo ojú, ó sunkún, mo sì jẹ́ kó sun ún.

Ẹ ò bá rò pé ó tán síbẹ̀. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó ní kí n wá, kí n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bóyá wọ́n máa béèrè ohun tí òun kò mọ̀. Wọ́n dé lẹ́yìn ìsìn, àgbàdá lọ́tùn-ún lósì, Bàbá Ìbàdàn níwájú. Ọkọ̀ akẹ́rù náà dúró sójú ọ̀nà lóòótọ́. Ìyá Táíwò kúnlẹ̀ kí wọn, ó dìde, ó sì lọ jókòó sórí àga yẹn. Mo rí i tí ojú Bàbá Ìbàdàn yí padà.

Wọ́n ní kó tan ẹ̀rọ. Ó tàn án. Wọ́n ní kó tẹ nǹkan. Ó taípù orúkọ àwọn tó jókòó, ó sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ jáde, ó fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá Ìbàdàn ní ẹnikẹ́ni lè tẹ orúkọ, òun fẹ́ rí ohun tí àbúrò òun fi sílẹ̀ sínú rẹ̀. Mo dìde, mo pe gbogbo ohun tó wà nínú díìsìkì jáde lójú kọ̀ǹpútà. Lókè pátápátá ni orúkọ díìsìkì máa ń wà.

Bàbá náà fi awò sójú. Ó súnmọ́ ọn, ó kà á lóhùn rara. Lẹ́yìn náà ló wò wá yíká.

"Ta ni Mórẹ́nikẹ́?"

Wọ́n pe orúkọ yẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ojú rẹ̀ ló sì ṣe. Kò rántí. Kò sẹ́ni tó rántí nínú gbogbo wọn. Wọ́n ń wo ara wọn.

Láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì, láti yàrá tí ẹnikẹ́ni kò sí, ohùn ọkùnrin kan dáhùn. Kò pariwo. Ó dà bí ẹni tí orógbó wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyàwó mi ni."

Gbogbo wa gbọ́ ọ. Ẹni tó bá ní òun kò gbọ́ ọ lára àwọn àgbàlagbà yẹn, ẹ ní kó wá wí i lójú mi. Ọ̀kan lára wọn ti dé ìta, bàtà rẹ̀ ṣì wà nínú ilé. Bàbá Ìbàdàn kò lè dìde.

Ìyá Táíwò nìkan ni kò mira. Kò tilẹ̀ yí ọrùn. Ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà, ó sì fi ohùn tó tutù sọ̀rọ̀ sí ọ̀nà kọ́tìnnì.

"Wọn ò bi yín, Bàbá Táíwò. Èmi ni wọ́n bi."

Ó wá yíjú sí Bàbá Ìbàdàn. "Èmi ni Mórẹ́nikẹ́, sà. Ẹ kú ìkàlẹ̀."

Ọkọ̀ akẹ́rù padà lófìfo. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò tún dárúkọ ìpàdé mọ́.

Ó ti pẹ́. Ìyá yẹn ṣì ń tẹ̀wé. Mo ti bi í rí bóyá ó ṣì ń gbóòórùn yẹn, ó ní iṣẹ́ wà lọ́wọ́ òun. Èmi ni ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Gbogbo A tó tẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo rò pé ó fẹ́ dá wa dúró ni. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn mo máa ń rò ó pé bóyá ó ti ń lọ jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀ tó ń kú lọ, àwa la sì ń fà á láṣọ padà, tó ń bẹ̀ wá pé ká pa á tì. Mi ò mọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ kó wá sọ fún mi.

Èyí tí mo mọ̀ ni mo fi ń kìlọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ mi, bí ẹ bá ń gbé nǹkan kúrò lára ohun tó ń kú lọ bọ́ sínú tuntun, tí ẹ̀rọ bá bi yín lórúkọ, ẹ má fi òkú ṣeré. Bí ẹ bá sì ti fi ṣeré tán, tó ti jókòó, ẹ má sá fún un. Ẹ ní kó dìde.